Ọ̀dàlẹ̀ Ni Tàbí Amí? Ìrìn Mi Sílé Opó Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo yín lẹ gbọ́ pé mo lọ, ẹ sì ti gbọ́ pé mo dé. Àwọn tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún mi pé mo rù, àwọn mìíràn ti bi mí kí ni mo rà bọ̀ fún wọn. Ohun tí ẹnì kankan ò bi mí ni ìdí tí n kò fi lè gbójú sókè wo fọ́tò Pápá mi lára ògiri pálọ̀ mọ́. Ìyẹn ni mo jókòó láti sọ. Mo ṣiṣẹ́ tíṣà títí mo fi di ọ̀gá iléèwé, mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ tèmi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ìdílé wa fẹ́ gbẹ́ orúkọ gbogbo ọmọ ilé tó ti kú sára òkúta mábù kan, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Pápá mi, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á kọ́kọ́ ka orúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Iṣẹ́ ń lọ geere títí lẹ́tà kan fi dé láti òdìkejì Odò Ọya. Opó Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní òun ti darúgbó, òun àti ọkọ òun kò bímọ, ohun kan ṣoṣo tí òun ń tọrọ ni kí orúkọ ọkọ òun wà ní ilé ìyá rẹ̀ kí òun tó kú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìtàn náà, àbúrò Pápá mi ni Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ló ti lọ ń kọ́ni lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, ó sì ń kọ ìwé ìtàn lédè Yorùbá. Ìwé rẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ó bú olóṣèlú, ó bú àlùfáà, ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwa ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ràn orúkọ rere ju ìwà rere lọ. Wọn ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ogun dé, kò padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, rédíò Pápá gbé ohùn ìhà kejì ogun, ọkùnrin kan ń fi Yorùbá sọ pé àwọn ọmọ ogun wa ti ń sá, pé kí àwọn ìyá pe ọmọ wọn wálé. Kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀, ó ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó pàlọ́ fún mi. Mo fò sókè, mo pariwo: "Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé nìyẹn! Bọ̀ọ̀dá mi wà nínú rédíò!"

Ayọ̀ ni mo fi pariwo o. Rédíò kò pọ̀ ládùúgbò, ilé kún. Ìyá Rẹ̀mí aránṣọ wà níbẹ̀, ẹni tí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí kò gbúròó rẹ̀ látìgbà tí ìbọn ti ń dún. Gbogbo wọn wo Pápá mi. Pápá dìde, ó pa rédíò. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹni náà bá ti ha ọ̀fun báyìí, Pápá á pa rédíò. Ojú ń tì í. Ládùúgbò wa, kò sí ilé tó ní rédíò tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Gàrí ni Ìyá Àgbà ń tà. Kí oṣù tó parí, kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá Rẹ̀mí dúró níwájú igbá rẹ̀, ó ní, "Gàrí ìyá ọ̀dàlẹ̀! Ọmọ tiwa kú, ọmọ tiyín ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ìyá Àgbà ń gbé gàrí lérí fẹsẹ̀ rìn dé Odogbolu, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn tèmi ló kọ́kọ́ bọ́.

Nígbà tó yá, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé amí ni, pé ìjọba wa ló rán an sáàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, lọ́yà, olórí ẹbí wa, dì mú. Ó tẹ ìwé kan, ó nà án sí mi.

"Bánkẹ́, ìwọ lo lẹ́nu. Lọ bá ìyàwó ẹ̀, kó fọwọ́ síbí yìí pé iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ òun ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, amí ni, góòlù la máa fi kọ orúkọ ẹ̀."

"Bí kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"A ò lè to ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn bàbá wa."

Mo gbà á. Ẹ má bi mí pé ṣé kò ṣe mí bákan. Inú mi dùn pé ọ̀nà wà láti fọ ohun tí mo dà sílẹ̀ mọ́.

"Lèsí rèé?"

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọ̀nà tó kún fún kòtò dà yín láàmú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí a gun afárá Odò Ọya, mo di báàgì mi mú ṣinṣin. Láti kékeré ni wọ́n ti fi òdìkejì odò yẹn dẹ́rù bà mí. Mo retí ojú líle. Àwọn tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni obìnrin méjì tó ń ta ọsàn, wọ́n rí gèlè mi, wọ́n ń pè mí ní "Màmá Yorùbá," wọ́n bó ọsàn fún mi, wọn ò gba owó. Mo ní nínú ara mi pé bóyá wọ́n fẹ́ tàn mí jẹ ni. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Obiora ló wá pàdé mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n opó náà, ọkùnrin bí ẹni ọgọ́ta ọdún, onísùúrù. Ó gbé ẹrù mi, ó fẹ̀sọ̀ béèrè nípa orúnkún mi bí ẹni pé òun ló bí mi. Ilé náà kéré, ó mọ́ tónítóní, igi ọsàn wà níwájú rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Ohùn ìyá arúgbó kan wá láti inú yàrá:

"Lèsí rèé?"

Ẹsẹ̀ mi gan mọ́lẹ̀. Lèsí! Ohun tí àwọn ìyá wa ń wí nìyẹn dípò "ta ni", àwọn ọmọ mi gan-an kì í sọ ọ́ mọ́. Ìyá Ìgbò tí kò dé Ìjẹ̀bú rí ló ń fi ohùn Ìyá Àgbà pè mí láti inú yàrá. Obiora ló bá mi dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, bó ti wù kó dùn mí tó. Nígbà tí ogun parí, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé wálé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sán gangan ni. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pápá mi dí ilẹ̀kùn, ó ní, "Bí o bá wọlé, èmi á jáde." Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, ó gbọ́ ariwo ẹsẹ̀, ó ké, "Lèsí rèé?" Pápá ní, "Kò sẹ́nì kankan, Ìyá." Ìyá tún béèrè. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé wo èmi tí mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo lẹ́nu. N kò sọ nǹkan kan. Ó yí padà, ó lọ, ìyá rẹ̀ kò sì gbóhùn rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí opó náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àbúrò bàbá mi. Àwọn ọ̀dọ́ ilé rò pé orúnkún ló yẹ̀ mí, ẹni méjì sáré gbá mi mú. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí fún wọn, ó sì fi Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ń lọ síbi tó wù ú sọ fún mi pé, "Káyọ̀dé kọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀."

Nwakaego lorúkọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fọwọ́ pa á. "Ìwọ ni Bánkẹ́. Bánkẹ́ tó máa ń gùn ún lẹ́yìn. Ó máa ń sọ nípa rẹ." N kò béèrè ohun tó máa ń sọ.

Oúnjẹ wọn

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọbẹ̀ ewúro tí n kò ní lè jẹ, wọ́n sì sè é lọ́jọ́ kejì, ó dùn débi pé mo tọrọ sí i. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n fi kí mi káàbọ̀, ìkọ́kọrẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìkọ́kọrẹ́! Màmá Nwakaego fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń rin ewùrà, ó lé àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ wọn ò mọ bó ṣe ń dì. Ó ní ọkọ òun fi ọdún kan gbáko ráhùn kí òun tó mọ̀ ọ́n sè. Ó ju ewé kan sí i tí n kò mọ̀, tí Ìyá Àgbà ìbá rí i, ìbá ní ọ̀ràn ìjọba ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu àwo.

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo gbé fún wọn. Màmá bù ú sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì pa ojú dé.

Ohun tí mo ṣe lórí àwo obì

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin agboolé wá kí mi ní ètò. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n ń fi gba àlejò ni obì, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan ṣáájú rẹ̀. Obìnrin kì í là á. Èmi, Ìyá Ìjọ, tí mo ti na ìka sí àlùfáà rí, mo jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwo obì ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Ó dé ọ̀dọ̀ Obiora, ó gbàdúrà lórí rẹ̀, ó là á. Ó dárúkọ ìlú mi nínú àdúrà náà. A jẹ.

Obì kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi yọ ìwé Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi. Níbo ni mo gbé e lé? Orí àwo obì náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, mo ní, "Màmá, a fẹ́ fọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá mọ́. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i pé amí ìjọba wa ni wọ́n, pé àwa ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi wà láàárín yín."

Ọkùnrin kan tutọ́ obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Obiora ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá Bánkẹ́, àwọn ọmọ ogun wa mú Káyọ̀dé nígbà ogun. Wọ́n ní amí ni. Wọ́n nà án fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ló lọ dúró fún un. Ó ní, 'Bí ẹ bá rí i pé amí ni, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ yìnbọn fún.' Bàbá mi kú, ó ṣì gbà pé òtítọ́ lòun sọ."

Màmá Nwakaego kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó fi ìka kan ti ìwé náà kúrò lórí obì. "Bí mo bá fọwọ́ sí i, ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri lọ́dọ̀ yín, níbí wọ́n á sì fọ́ òkúta tó wà lórí sàréè rẹ̀. Ẹ wá fọ aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹ sì fẹ́ fi omi mímu wa fọ̀ ọ́."

Ìtìjú bò mí. Mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ wọn, mo ti jẹ obì wọn, mo wá jókòó sílé ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró fún ọmọ wa, mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé òmùgọ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin. Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n tilẹ̀ tún bu omi fún mi.

Ìwé àjákọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pè mí sí yàrá rẹ̀. Mo bi í ní tòótọ́, kì í ṣe nítorí ẹbí mọ́: "Màmá, kí ni Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé jẹ́ gan-an?"

"N kò mọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bí òun bá dáhùn, ọ̀kan nínú ilé òun méjèèjì máa pàdánù òun. N kò bi í mọ́." Ó na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n má lọ sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Ó ka irọ́ lórí rédíò yẹn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Bó bá kà á tán, á wálé, kò ní lè jẹun."

"Kí ló dé tí wọ́n ń kà á?"

Ó tọ́ka sí àpótí kan. Ìwé àjákọ iléèwé ló kún inú rẹ̀, eku ti jẹ etí wọn. Mo ṣí ọ̀kan. Orúkọ ni. Orúkọ Yorùbá, ojú ewé lé ojú ewé, pẹ̀lú ìlú àti àdúgbò ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn tiwa tí ogun ká mọ́ ọ̀hún ni. Ó ń wá wọn kiri, ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá rí láàyè. Ó bá àwọn ọ̀gá rédíò ṣe àdéhùn: òun á ka ìròyìn wọn, lẹ́yìn náà òun á ka orúkọ díẹ̀, kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé èèyàn wọn ò kú.

"Wọ́n gbà," ni Màmá wí. "Wọ́n ní kí irọ́ ṣáájú, kí orúkọ kẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn Yorùbá á fara balẹ̀ gbọ́ irọ́ náà nítorí orúkọ."

Mo ń ṣí ìwé, mo ń wá ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo rí i nínú ìwé kẹrin: Rẹ̀mí, ọmọ ìyá aránṣọ, pẹ̀lú orúkọ òpópónà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fàlà sí i nídìí. Ó fi àmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà mẹ́fà, ìgbà tó kà á nìyẹn.

Ìgbà mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Pápá mi pa rédíò. Ìyá Rẹ̀mí wọ aṣọ dúdú, ó kọ̀ kò jẹun, ó kú kí ogun tó parí. Rẹ̀mí wálé láàyè, ó bá sàréè. Gbogbo wa sọ nígbà náà pé ọ̀dàlẹ̀ ló fa ìbànújẹ́ tó pa ìyá náà. Èmi náà sọ ọ́, tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá: ariwo tí mo pa, rédíò tí Pápá pa, ẹnu tí mo pa mọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tán. Ó ní, "Ó sọ fún mi pé ọmọ kékeré kan wo òun lójú lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó wò mí. "Ṣé òótọ́ ni?"

N kò mọ̀. N kò purọ́ fún un. Mo ní, "Màmá, n kò mọ̀."

Nígbà tí mò ń lọ, Obiora di odindi obì kan fún mi sínú ewé. Àṣà wọn ni. Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ọkùnrin ilé mi, pé obì tó bá délé ló ń sọ ibi tó ti wá. Mo ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́ lórí àwo, wọ́n sì tún fi obì sìn mí.

Ilé

Mo gbé obì náà síwájú Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi àti àwọn ẹbí, mo gbé ìwé rẹ̀ tì í láìní ìfọwọ́sí. Mo ròyìn. Àwọn obìnrin méjì sunkún. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi fi bíróò rẹ̀ gbá tábìlì.

"Ìtàn ló sọ yẹn, Bánkẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí. Amí ni àbí ọ̀dàlẹ̀?"

"N kò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwa jẹ́."

"Ó tó. Orúkọ náà kò ní wọlé." Kò fọwọ́ kan obì náà.

Èmi ni wọ́n ti yàn láti ka orúkọ àwọn olóògbé lọ́jọ́ ìdúpẹ́, nítorí mo ní ohùn tíṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo ń ka orúkọ, àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Mo ka orúkọ Ìyá Àgbà. Mo ka ti Pápá mi, òun ló kẹ́yìn nínú ìwé. N kò sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di pẹpẹ ìwé mú. Láìmọ̀, mo ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ti mọ̀. Mo rí i tó gbọ́wọ́ sókè sí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ. Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ pé ohùn mi kò jáde níbi gbohùngbohùn mọ́. Wọ́n ti pa á.

Láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn dáadáa ké jáde: "Lèsí? Lèsí ló kù?"

Ohùn tí mo fi ń pe ọmọ iléèwé láti òpin pápá ni mo fi dáhùn. "Káyọ̀dé ni, Ìyá. Káyọ̀dé, ọmọ yín. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí."